Ẹ̀sùn Lórí Àtúnṣe Ọkọ̀ Mi Tí Ó Ń Gbọ̀n Bí A Bá Tẹná

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Àtúnṣe Ọkọ̀.

Ọ̀gá mi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo kọ lẹ́tà yìí láti fi ẹjọ́ iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe sí ọkọ̀ mi sùn yín, àti láti béèrè owó àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ láìnídìí.

Nígbà tí mo gbé ọkọ̀ náà wá, mo ṣàlàyé fún ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ mi pé bí mo bá ti ń tẹná láti nǹkan bí 20 dé 60 kìlómítà ní wákàtí kan, pàápàá bí mo bá ń gun òkè tàbí tí èrò bá kún inú rẹ̀, gbogbo iwájú ọkọ̀ yóò máa mì sọ́tùn-ún sósì, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná báyìí, gbígbọ̀n náà yóò dá wáí. Mo tún sọ fún un pé bí ọkọ̀ bá wà lójú kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí ń ṣe é. Nínú gbogbo àlàyé yìí, ohun tí ó kọ sínú ìwé iṣẹ́ kò ju “ọkọ̀ ń gbọ̀n” lọ. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó bá mi jókòó nínú ọkọ̀ náà kí a jọ wà á jáde.

Púlọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀. Nígbà tí ìyẹn kò yí nǹkan kan padà, wọ́n fọ nọ́sù, wọ́n sì pààrọ̀ fílítà epo. N kò jiyàn pé púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tí ó ti kú lè mú kí ọkọ̀ máa gbọ̀n. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ dáadáa. Àmọ́ bí sílíńdà kan kò bá jóná bó ti yẹ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ òde òní kì í sábà dákẹ́: yóò kọ kóòdù àṣìṣe bíi P0300, tí kò dárúkọ sílíńdà kan pàtó, tàbí P0301 bí ó bá jẹ́ sílíńdà kìíní, iná ẹ́ńjìnnì yóò sì tàn níwájú awakọ̀. Ìwé àyẹ̀wò tí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ fún mi fi hàn pé kò sí kóòdù kankan. Ká tilẹ̀ ní ó wà, ẹ lè gbé kọ́ìlì sílíńdà kan sí òmíràn kí ẹ wò ó bóyá kóòdù náà yóò tẹ̀ lé e, kí ẹ tó ní kí n ra gbogbo rẹ̀ ní tuntun.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní gíà ló bàjẹ́, pé kí n lọ wá òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù. Gbígbọ̀n tí torque converter, ìyẹn ẹ̀yà tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà, máa ń fà sábà máa ń wáyé nígbà tí ọkọ̀ ń sáré déédéé tí ẹsẹ̀ awakọ̀ kò sì wúwo lórí iná, bí ìgbà tí táyà ń kọjá lórí àwọn ìlà kókó-kókó etí títì. Tèmi kì í ṣẹlẹ̀ àfi bí mo bá tẹná gidi. Síbẹ̀, wọ́n dájọ́ ikú fún gíà náà láìyẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò.

Mekáníìkì mìíràn tí mo gbé e lọ bá kọ́kọ́ wà á jáde pẹ̀lú mi, ó sì fi jáàkì gbé e sókè. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn táyà ọ̀tún: rọ́bà tí ó bo CV joint ti inú (oríkèé ṣáàfù, ìyẹn ọ̀pá irin tí ń gbé agbára láti inú gíà lọ sí táyà), èyí tí ó sún mọ́ gíà, ti ya, gíríìsì dúdú sì ti fọ́n sí gbogbo irin àyíká rẹ̀. Ó di ṣáàfù náà mú, ó mì í, ó sì ń jó lọ jó bọ̀. Nígbà tí ó tú u, a rí i pé àwọn rólà inú rẹ̀ ti jẹ ojú irin tí wọ́n ń yí lé títí ó fi di kòtò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń há bí agbára ẹ́ńjìnnì bá ti dé bá wọn. Ó pààrọ̀ ṣáàfù náà, gbígbọ̀n sì tán pátápátá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wo abẹ́ ọkọ̀ náà dáadáa ni ì bá ti rí gíríìsì yẹn.

Nítorí náà, mo ń béèrè pé kí ẹ dá owó púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti fílítà padà fún mi, pẹ̀lú owó iṣẹ́ tí ẹ gbà lórí wọn àti lórí nọ́sù tí ẹ fọ̀. Mo tún fẹ́ gba kọ́ìlì mi àtijọ́, tí wọn kò dá padà fún mi títí di òní, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó ṣì dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi ní kíkọ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín rí tí wọ́n fi sọ pé gíà ló bàjẹ́.

Ẹ̀dà rìsíìtì, ìwé àyẹ̀wò náà àti fọ́tò ṣáàfù tí a yọ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ṣáàfù gan-an wà lọ́wọ́ mi bí ẹ bá fẹ́ rán ẹnìkan wá wò ó. Bí n kò bá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín láàárín ọjọ́ 14, èmi yóò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín.