Ìpàdé Sátidé ní Kàbà: Ìjà Ẹ̀tọ́, Ìgbésùnmọ̀mí àti Ọ̀nà Àlàáfíà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, okun o.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa, ní gbọ̀ngàn tí a máa ń lò.

Láti òru 12 oṣù Kẹsàn-án 2021 tí àwọn agbébọn ti fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbà, ọkàn wa ò tíì balẹ̀. Àgbẹ̀ ń bojú wẹ̀yìn kó tó wọ oko iṣu ara rẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an.

A ó yẹ Northern Ireland wò, níbi tí àwọn tó fẹ́ wà lábẹ́ Britain àti àwọn tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ Ireland ti bá ara wọn jà. Bí 30 ọdún ni wọ́n fi para wọn níbẹ̀, nǹkan bíi 3,500 èèyàn ló kú. Àdéhùn 10 oṣù Kẹrin 1998 ló jẹ́ kí wọ́n jọ máa ṣèjọba. Wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ ológun sílẹ̀, ó sì dun àwọn tí wọ́n pa èèyàn wọn wọra. IRA, ẹgbẹ́ ológun tó fẹ́ kí ibẹ̀ kúrò lábẹ́ Britain, ò kó ìbọn sílẹ̀ tán títí di 2005. Àlàáfíà kì í yá bọ̀rọ̀.

Mandela pàápàá, tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní South Africa, wà nínú ìwé àwọn tí Amẹ́ríkà ń ṣọ́ bí agbésùnmọ̀mí títí di 2008. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jí àgbẹ̀ gbé torí owó, ẹ̀tọ́ ta ló ń jà fún? Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́.

A ti pe àwọn àgbà Fúlàní tó ń gbé láàárín wa. Ẹ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìsánlú àti Mọ̀pà, ẹ má rin òru padà, a ti wá ibi tí ẹ ó sùn.

Akọ̀wé ẹgbẹ́