Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Lórí Ilé Ìjọsìn Tí A Fẹ́ Mú Gbòòrò

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì kí gbogbo ará ilé rẹ. Mo gbàgbọ́ pé àlàáfíà ni gbogbo yín wà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti wà níhìn-ín pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí ni pé ìjọ ti pinnu láti tún ilé ìjọsìn wa ṣe kí a sì mú un gbòòrò sí i, wọ́n sì ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Mo fẹ́ kí o mọ ibi tí a bá ọ̀rọ̀ náà dé, nítorí pé o wà lára àwọn tí ó fi ọwọ́ ara wọn ru bíríkì nígbà tí a kọ́ ilé náà, àti nítorí pé ohun kan wà tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ, èyí tí kò sí ẹlòmíràn níhìn-ín tí ó lè dáhùn rẹ̀.

O rántí bí ilé náà ti rí nígbà tí o fi kúrò lọ́dọ̀ wa. Àyè ṣì wà lẹ́yìn nígbà náà, ẹni tí ó bá pẹ́ dé sì lè rí ibi jókòó láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nísinsìnyí, kí orin àkọ́kọ́ tó parí ni àwọn adènà ti ń to àga sí ojú ọ̀nà àárín, àwọn ìyá tí ó gbé ọmọ ọwọ́ sì ń dúró lóde lẹ́bàá fèrèsé. A ti pín ìsìn òwúrọ̀ sí méjì. Ó ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, n kò sì ní gba ìjọ kankan nímọ̀ràn pé kí ó kọ́lé láì kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀, nítorí pé kò ná ẹnikẹ́ni ní bíríkì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìsìn méjèèjì náà ti kún. Àwọn tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí máa ń sọ pé bí ìdá 80 nínú ìdá 100 ìjókòó bá ti ń kún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a kà á sí pé ilé ti kún, torí pé àlejò tí kò rí ibi tí òun àti ẹbí rẹ̀ yóò jọ jókòó sí kì í sábà padà wá. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lọ́kàn ju gbogbo ìròyìn tí a kà ní ìpàdé lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run padà nítorí àìsí àga.

Èrò tí ó kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni pé kí a wó ògiri ẹ̀yìn, kí a fa ilé náà gùn, kí a sì so òrùlé tuntun mọ́ ti àtijọ́. Lórí ìwé, ó dà bí iṣẹ́ kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnjiníà tí a pè dé, kò tilẹ̀ gbójú sókè wo òrùlé. Ó ní kí a gbẹ́ kòtò kan sí ẹsẹ̀ ògiri náà títí a ó fi rí ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀. Mo dúró tì wọ́n. Ilẹ̀ líle ni wọ́n kọ́kọ́ kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ yọ, kò sì jìn tó bí gbogbo wa ti rò. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti bá ilẹ̀ dúdú kan tí ó rọ̀, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì, tí omi sì ń sun láti inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnjiníà náà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un mọ́wọ́, omi sì yọ láàárín ìka rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ó wá wo ibi tí ògiri ti lanu, láti igun fèrèsé kẹta lọ sókè, èyí tí a ti ń kùn lé lórí lọ́dọọdún. Ó fi símẹ́ńtì lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú ojú ibẹ̀, ó sì kọ déètì ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní bí ògiri bá ṣì ń rìn, gíláàsì náà yóò fọ́. Bí kò bá fọ́ fún ìgbà pípẹ́, a jẹ́ pé ìrìn rẹ̀ ti dúró. Títí di òní, gíláàsì náà ṣì wà lódindi. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi a máa sáré lọ wò ó kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, wọn a sì wá jábọ̀ fún mi.

Ohun tí ó wá yé mi nínú àlàyé rẹ̀ nìyí: ilé tí ó ti pẹ́ ti tẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ilé tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ tirẹ̀ ni. Bí a bá dè wọ́n mọ́ ara wọn ṣinṣin, tuntun yóò máa fa àtijọ́ bí ó ti ń wọlẹ̀, ibi tí wọ́n ti pàdé ni yóò sì ya. Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín ògiri méjèèjì láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé, kí a sì fi ohun tí ó lè nà tí ó sì lè sún kì bò ó, kí omi má baà gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní ilé kan ni a fẹ́, pé a kò fẹ́ ilé méjì tí ó fara kan ara wọn.

Èmi ni mo mú ìtàn ilé ìjọsìn ńlá Winchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá síwájú wọn. Ọdún 1079 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàlá, wọ́n fa apá ìlà-oòrùn rẹ̀ gùn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àbàtà ni ó wà níbẹ̀, igi ni wọ́n sì tẹ́ sábẹ́ ìpìlẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi wọlé, ògiri apá náà ti ń fì, ó sì ti lanu gidigidi. Wọ́n gbìyànjú láti gbẹ́ ilẹ̀ náà kí wọ́n lè tún ìpìlẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n omi ń kún kòtò ṣáá. Ni wọ́n bá ké sí ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọ inú omi lọ ṣiṣẹ́, William Walker. Láti 1906 títí di 1911 ni ọkùnrin yìí ń wọ omi tí ó jìn tó nǹkan bí mítà mẹ́fà, nínú òkùnkùn biribiri, tí ọwọ́ rẹ̀ nìkan ń ṣe ojú fún un, tí ó ń to àpò kọnkéré sábẹ́ ògiri. Àpò tí wọ́n lò ju 25,000 lọ, bíríkì tí wọ́n sì fi kún un tó nǹkan bí 900,000. Gbogbo iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi tún ohun tí wọ́n ti kánjú tẹ́ sílẹ̀ ní bí ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún ṣáájú ṣe. Nígbà tí mo sọ èyí tán, ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí àlàfo náà, wọ́n sì gbà pé kí a má fa ilé náà sẹ́yìn mọ́ sórí ilẹ̀ rírọ̀ yẹn, bí kò ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí ilẹ̀ ti jọ pé ó dúró dáadáa.

Lórí ìwọ̀n, òfin ìkọ́lé tí wọ́n ń pè ní International Building Code, èyí tí ọ̀pọ̀ ibi gbé òfin tiwọn kà, ka ènìyàn kan tí ó jókòó sórí àga sí àyè ilẹ̀ tó nǹkan bí 0.65 mítà onígun mẹ́rin (square metre), ó sì ka sẹ̀ǹtímítà 46 fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan lórí bẹ́ǹṣì. Èyí kò kan ọ̀nà àárín, pẹpẹ àti ibi akọrin o. Òfin kan náà ní bí èrò bá ti ju 49 lọ, ilẹ̀kùn àbájáde méjì ó kéré tán. Bí ó bá ju 500 lọ, mẹ́ta. Bí ó bá ju 1,000 lọ, mẹ́rin. Síta sì ni ilẹ̀kùn wọn gbọ́dọ̀ máa ṣí. O mọ̀ pé inú ni ilẹ̀kùn ńlá wa ń ṣí sí. Ó máa ń dà mí láàmú báyìí nígbàkigbà tí ilé bá kún, nítorí pé bí iná bá ṣẹ́ yọ, èrò yóò ti ara wọn mọ́ ilẹ̀kùn náà, kò sì ní ṣeé fà wọlé. Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nílò ọ̀nà. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí a má dúró de ilé tuntun kí a tó yí ilẹ̀kùn yẹn padà, wọ́n sì ti gbà. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ó ti ṣe ọ̀nà ìgòkè fún àwọn àgbàlagbà àti àwọn tí ó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, èyí tí gíga rẹ̀ kò ní ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ nínú gígùn ẹsẹ̀ bàtà méjìlá.

Ọ̀rọ̀ ohùn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àwọn akọrin fẹ́ òrùlé gíga kí orin lè máa dún gbọnmọgbọnmọ. Pásítọ̀ fẹ́ kí gbólóhùn ìwàásù máa dé etí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá láìdàrú. Àwọn méjèèjì ló jàre. Ní 1895, ilé ẹ̀kọ́ gíga Harvard ní kí olùkọ́ físíìsì kan, Wallace Clement Sabine, wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí ohùn ti ń dún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ààbọ̀ kí ó tó kú. Ó yá tìmùtìmù àga láti gbọ̀ngàn mìíràn, ó ń kó wọn wọlé lóru, ó ń wọn ohùn, títí ó fi rí i pé bí afẹ́fẹ́ inú ilé bá ti pọ̀ tó ni ohùn ń pẹ́ tó, àti pé ohun rírọ̀ títí kan ara ènìyàn ni ó ń gbé e mì. Nítorí náà, bí a bá gbé òrùlé sókè láìfi ohun rírọ̀ kún ògiri, ìwàásù yóò dàrú. A ti gbà láti fi gíga rẹ̀ sí àárín méjì, kí a sì fi pátákó tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ bo ògiri ẹ̀yìn.

Ní ti owó, ìpele ìpele ni a ó fi ṣe é, a kò sì ní bẹ̀rẹ̀ ìpele tí a kò lè bo òrùlé rẹ̀. O rántí ìtàn ọba Jèhóáṣì nínú Bíbélì, bí owó àtúnṣe tẹ́ńpìlì ṣe ń wọlé tí iṣẹ́ kò sì lọ títí di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, kí àlùfáà Jèhóíádà tó lu ihò sí ìdérí àpótí, tí akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà sì jọ ń ka owó náà. Ènìyàn méjì láti ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ti yàn láti máa ka tiwa, wọn yóò sì máa lẹ ìṣirò náà mọ́ ara ògiri lóṣooṣù. Àwọn kan fẹ́ kí a parí ní kánkán nítorí àjọ̀dún ìjọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ 28 ni a fi ń wọn agbára kọnkéré, n kò sì ní fọwọ́ sí i kí a yọ igi abẹ́ rẹ̀ kí ẹnjiníà tó ní ó tó.

Ìbéèrè mi wá nìyí. Kànga kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ilé náà nígbà àtijọ́, èyí tí a dí kí a tó gbin àwọn igi. Àwọn igi náà ti lọ, àmì kankan kò sì kù nílẹ̀. Alàgbà tí ó jẹ́ olórí iṣẹ́ ìgbà náà ti sinmi, àwọn tí ó kù sì ń tọ́ka sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí òpó tuntun bá bọ́ sórí kànga tí a fi ìdọ̀tí dí, ìwọ náà mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Jọ̀wọ́, ṣé o rántí ibi tí ó wà gan-an, àti iye ìṣísẹ̀ tí ó jìn sí ògiri? Ṣé òkúta ni a fi dí i ni àbí erùpẹ̀ lásán? Bí o bá ní àwòrán kankan tí a yà lọ́jọ́ ìfi-ìpìlẹ̀-lélẹ̀, bá mi fi í ránṣẹ́, bó tilẹ̀ ti ṣá. Ẹnjiníà fẹ́ gbẹ́ kòtò kejì láìpẹ́, mo sì ti ní kí ó ní sùúrù títí èsì rẹ yóò fi dé.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.