Sí Àdùkẹ́ mi, lórí ọ̀rọ̀ sólà

Àdùkẹ́ mi,

O bi mí bóyá kí o gbé páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé ilé rẹ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, àbí kí o forúkọ sílẹ̀ fún sólà àjùmọ̀lò tí wọ́n fẹ́ gbé wá sádùúgbò yín. Má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́ pe kápẹ́ńtà, kí ó gun àjà lọ wo pákó.

Páńẹ́ẹ̀lì oní-550 wáàtì kan gùn ju mítà méjì lọ, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 28. Bí ikán bá ti jẹ pákó, tàbí tí páànù ti dípẹtà, tún òrùlé ṣe ná, tàbí kí o gba ti àjùmọ̀lò. Ẹni tó bá de páńẹ́ẹ̀lì mọ́ páànù tó ti gbó yóò tú gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tí òrùlé bá ń jò. Wo igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé náà pẹ̀lú: òjìji rẹ̀ lórí páńẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ń fa agbára àwọn tó kù tí a so tẹ̀lé e wálẹ̀.

Wàyí o, ṣírò ohun tí o ń lò. Gílóòbù mẹ́fà oní-9 wáàtì fún wákàtí márùn-ún, fáànù méjì oní-70 wáàtì fún wákàtí mẹ́jọ, tẹlifíṣọ̀n oní-80 wáàtì fún wákàtí mẹ́rin, àti fíríìjì kékeré tó ń jẹ yúníìtì kan àti díẹ̀ lójúmọ́ (yúníìtì kan ni 1,000 wáàtì fún wákàtí kan): gbogbo rẹ̀ sún mọ́ yúníìtì mẹ́ta. Páńẹ́ẹ̀lì méjì á gbé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n láti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, tí ìkùukùu Èkìtì kì í ká bọ̀rọ̀, wọn ò ní tó. Ra mẹ́ta, pẹ̀lú bátìrì lithium tó lè gba yúníìtì márùn-ún. Bátìrì olómi tí a bá ń lò kọjá ìdajì lóru kì í pẹ́ kú.

Ibi tí àwọn oníṣẹ́ ti ń bà á jẹ́ nìyí. Páńẹ́ẹ̀lì 550 kan ń gbé nǹkan bíi fóltì 50 (agbára tó ń ti iná) jáde nígbà tí nǹkan kan kò tíì máa fa iná lára rẹ̀. Bí wọ́n bá so mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ó di 150; lówùúrọ̀ ọyẹ́ tí ara rẹ̀ tutù, ó tún ń lé sí i. Ọ̀pọ̀ ínfátà kékeré, ẹ̀rọ tó ń sọ iná páńẹ́ẹ̀lì di irú èyí tí a ń lò nílé, kò lè gbà ju 145 lọ. Inú rẹ̀ á jóná, oníṣẹ́ á ní àrá ló sán an. Ka ohun tí wọ́n kọ sára ínfátà kí o tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so wáyà. Bíréékà tó wà láàárín páńẹ́ẹ̀lì àti ínfátà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti DC, irú iná tó ń sàn sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ti iná ilé lásán kò lè pa iná tó bá ta níbẹ̀. Orí ibi tó ga lára páànù ni kí wọ́n ti kan ìṣó, kò gbọdọ̀ jẹ́ kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà, kí rọ́bà sì wà nídìí rẹ̀.

Ní ti àjùmọ̀lò, àwọn tó gbé e wá ni wọ́n ń tún bátìrì ṣe, ìwọ á kàn máa ra yúníìtì. Àǹfààní gidi ni, pàápàá bó bá jẹ́ pé owó èlé lo fẹ́ fi ra tìrẹ. Ṣùgbọ́n béèrè iye áńpù (bí iná tó lè gba inú rẹ̀ kọjá ṣe pọ̀ tó) tí mítà wọn gbà: pọ́ńpù omi ń fa ìlọ́po mẹ́ta iná tó ń lò, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mítà tó kéré á já a. Béèrè ìwé àṣẹ wọn, torí láti ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ti fa àbójútó iná ìpínlẹ̀ wa lé Èkìtì lọ́wọ́. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wáyà ìjọba bá dé ọ̀dọ̀ yín.

Nítorí pé ilé tìrẹ ni, ti orí òrùlé ni mo fara mọ́, bí pákó bá ṣì le. Ya fọ́tò inú àjà, kọ wáàtì gbogbo ohun tó ń lo iná nílé, títí kan áyọ́ọ̀nù, kí o fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí kápẹ́ńtà tó lọ.

Ìyá rẹ.