Kí ẹ tó pe ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ibùdó jẹjẹrẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lọ́dọọdún, bí oṣù Kẹwàá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìlanilọ́yẹ̀ nípa jẹjẹrẹ ọyàn bá ti wọlé, irú ìròyìn kan kì í wọ́n: pé ìjọba ìbílẹ̀ Lágbájá ló ní jẹjẹrẹ jù ní ìpínlẹ̀, pé ti Tàmẹ̀dù ló kéré jù. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn ará Lágbájá á ti máa fura sí omi kànga wọn àti òpó ẹ̀rọ tẹlifóònù tó wà ládùúgbò. Àwọn ará Tàmẹ̀dù á sì fọkàn balẹ̀. Ìfọkànbalẹ̀ yẹn gan-an ló ń bà wá lẹ́rù. Nínú iṣẹ́ àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ tí àwa ń ṣe, ìyẹn kíkọ gbogbo aláìsàn jẹjẹrẹ àgbègbè kan sílẹ̀, ibi tí iye aláìsàn ti kéré jọjọ, tó sì jẹ́ pé àìsàn ti wọ àwọn díẹ̀ tó wà níbẹ̀ lára gan-an kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ni ibi tí a kọ́kọ́ ń fura sí.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, torí pé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti pẹ́ níbẹ̀. Láti ọdún 1960 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ilé àkọsílẹ̀ náà ń mójú tó: márùn-ún ní ìgboro, àti mẹ́fà tó yí ìgboro ká, ìyẹn Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà Àrà, Olúyọ̀lé àti Ìdó. Àríwá Ìbàdàn ni UCH wà. Bí ẹ bá kàn ka aláìsàn bí àdírẹ́sì orí káàdì ṣe wí, kò ní ṣòro rárá kí Àríwá Ìbàdàn gba ipò kìíní. Obìnrin tó ti Ìsẹ́yìn tàbí Ìkirè wá gba ìtọ́jú, tó dé sí ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Bódìjà ní Àríwá Ìbàdàn, Bódìjà ni yóò sọ fún akọ̀wé káàdì, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti lè rí i. Òfin iṣẹ́ wa sì ni pé ibi tí èèyàn ń gbé gan-an la ń kà, kì í ṣe ibi tó dé sí torí ìtọ́jú. Ìbéèrè tó yẹ kí akọ̀wé káàdì bi í ni pé: "Níbo lẹ ń gbé kí ẹ tó rí kókó yìí?" Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè agboolé, wọ́ọ̀dù, àti ọjà tàbí ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ibẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ "Ìbàdàn" lásán sí kò wúlò fún ẹni tó fẹ́ fi Lágelú wé Olúyọ̀lé.

Orúkọ náà ní ìṣòro tirẹ̀. Obìnrin kan lè ṣe àyẹ̀wò ẹran ara ní ilé ìwòsàn aládàáni, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ti ìjọba, kí ó tún lọ gba ìtànṣán ní ibòmíràn. Ní àkọ́kọ́, Fọláṣadé ni wọ́n kọ, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Ní ìkejì, Ṣadé ni, pẹ̀lú orúkọ ọkọ. Ní ìkẹta, Alhaja ni. Ẹnì kan ti di mẹ́ta. CanReg5, ètò kọ̀ǹpútà tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ń fún àwọn ilé àkọsílẹ̀, lè kó àwọn orúkọ tó jọra jáde, ṣùgbọ́n èèyàn ló máa jókòó ti fáìlì, tí yóò fi ọjọ́ orí, àdírẹ́sì àti ẹ̀gbẹ́ ọyàn tí àìsàn wà dá wọn mọ̀. Ibi tí kò bá sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, iye aláìsàn á pọ̀ lórí irọ́.

Ní ìdàkejì, àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kà. Ẹni tó kú sílé láì dé ilé ìwòsàn kò sí nínú ìwé kankan. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń kọ gbogbo ikú sílẹ̀, bí Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ẹ̀rí ikú ni ilé àkọsílẹ̀ fi ń mú àwọn tó bá yọ́ bọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ikú ni kò dé ọ́fíìsì ìjọba rí. Ìdí nìyẹn tí inú wa kì í fi dùn bí a bá rí àkọsílẹ̀ tó ní 100 nínú 100 aláìsàn ni yàrá àyẹ̀wò ti fìdí àìsàn wọn múlẹ̀. Ó dára létí, àmọ́ ó ń fi hàn pé yàrá àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n ti ń kó orúkọ; wọn kò wọ wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, wọn kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lọ ya fọ́tò ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró tí wọn kò padà wá mọ́.

Lẹ́yìn iye aláìsàn ni iye olùgbé tí a máa fi pín in kí a tó mọ ìwọ̀n àìsàn. Ọdún 2006 ni wọ́n ka èèyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Gbogbo iye tí a ń lò láti ìgbà náà, ìṣirò lásán ni. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n ìdàgbà kan náà bọ gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, etí ìlú tí ilé tuntun ti kún bí Akínyẹlé àti Ẹgbẹ́dá á dà bíi pé olùgbé wọn kò tó bó ṣe wà, àìsàn á sì dà bíi pé ó pọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀. Ká ní ìlú méjì ní obìnrin 100,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ìlú àkọ́kọ́, 20,000 nínú wọn ti lé ní 50 ọdún, torí pé àwọn ọ̀dọ́ ti bá iṣẹ́ lọ sí Èkó. Ní ìkejì, 10,000 péré ni. Ká ní ewu bára mu ní ìlú méjèèjì: 150 nínú 100,000 lọ́dún fún àwọn tó ti lé ní 50, àti 20 nínú 100,000 fún àwọn tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìlú àkọ́kọ́ á ní aláìsàn 46 lọ́dún, ìkejì á ní 33. Kò sí nǹkan kan nínú omi ìlú àkọ́kọ́. Nítorí èyí ni a fi ń wá ìwọ̀n àìsàn fún ọdún márùn-ún márùn-ún ọjọ́ orí, tí a sì ń gbé gbogbo rẹ̀ lé àwùjọ àfiṣèwọ̀n kan náà, ìyẹn àwùjọ àfọkànyà tí iye èèyàn ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ti wà nílẹ̀. Èyí tí ayé ń lò jù ni ti onímọ̀ Segi ti ọdún 1960, tí onímọ̀ Doll tún ṣe ní 1966: nínú èèyàn 100,000 tó wà nínú rẹ̀, 12,000 kò tíì pé ọdún 5, 500 péré ló ti pé 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ní àfiṣèwọ̀n tirẹ̀ ti ọdún 2000, tí àgbàlagbà pọ̀ nínú rẹ̀ jùyẹn lọ. Ẹ má fi iye tó wà lórí ọ̀kan wé iye tó wà lórí èkejì.

Iye tó bá kéré sì máa ń fò sókè sódò. Bí aláìsàn bá jẹ́ 5 lọ́dún kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, tó di 10 lọ́dún kejì, ẹ má kọ "ó ti di ìlọ́po méjì" sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ìṣirò tó ń wọn ohun tó lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ sọ pé ìwọ̀n gidi tó wà nídìí 5 yẹn lè má ju 2 lọ lọ́dún, ó sì lè sún mọ́ 12. Ẹ pa ọdún márùn-ún pọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ má sì tẹ iye aláìsàn jáde ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Níbi tó bá jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo ló ní irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa dá a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pẹ́ dé ilé ìwòsàn ló dùn wá jù. Ìpele mẹ́rin ni jẹjẹrẹ ọyàn ní, ìkẹta àti ìkẹrin la ń pè ní èyí tó ti pẹ́. Ní Nàìjíríà, inú méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn obìnrin tó ní àìsàn náà ti ń bá dókítà pàdé. Àwọn ìwé ìròyìn sábà máa ń fi ìdá tó pẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún wé ara wọn. Ẹ wo ohun tó lè ti ibẹ̀ yọ. Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ méjì ní iye obìnrin kan náà. Láàárín ọdún márùn-ún, ti àkọ́kọ́ ní aláìsàn 60, 30 nínú wọn ti pẹ́; ìyẹn 50 nínú 100. Ti ìkejì ní aláìsàn 30, 24 ti pẹ́; ìyẹn 80 nínú 100. Ẹni tó bá wo ìdá nìkan á ní ìkejì ló burú jù. Ẹni tó bá wo iye obìnrin tó pẹ́ á ní àkọ́kọ́ ni, torí 30 ju 24 lọ. Ojú tiwa sọ pé kí ẹ wo 30 àti 6 tí kò tíì pẹ́: kí ló dé tí ìjọba ìbílẹ̀ ìkejì fi rí obìnrin 6 péré ní ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn, nígbà tí ti àkọ́kọ́ rí 30? Bí ewu bá jọra, ó ṣeé ṣe kí àwọn yòókù wà nílé pẹ̀lú kókó lọ́yàn. Nítorí náà, ẹ béèrè iye méjèèjì: ìdá tó pẹ́, àti iye tó pẹ́ nínú 100,000 obìnrin.

Ètò àyẹ̀wò náà máa ń da iye rú, ó sì yẹ kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọyàn ní àdúgbò kan, ọdún àkọ́kọ́ á gbé iye aláìsàn sókè, torí pé àwọn tó ti wà nílé tipẹ́ ló máa kọ́kọ́ jáde; àwọn tó ti pẹ́ gan-an á wà lára wọn. Ìgbà yẹn ni àwọn kan ń sọ pé àyẹ̀wò ló fa jẹjẹrẹ. Lẹ́yìn náà, ìdá tó pẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, nítorí pé kókó kéékèèké ti pọ̀ nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí iye tó pẹ́ nínú 100,000 kò bá dínkù lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àyẹ̀wò kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó nílò rẹ̀ jù.

Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kọ ìpele wọn ńkọ́? Èyí ni kò sí nínú ọ̀pọ̀ tábìlì tó ń jáde, òun ló sì ń ba ìfiwéra jẹ́ jù. Nínú aláìsàn 100, ká ní 15 wà ní ìbẹ̀rẹ̀, 45 ti pẹ́, 40 kò ní ìpele kankan nínú fáìlì. Ẹni tó yọ 40 yẹn kúrò á ní 75 nínú 100 ló pẹ́. Ẹni tó fi wọ́n sínú ìṣirò á ní 45. Bí gbogbo wọn bá ti pẹ́ lóòótọ́, 85 ni. Láti 45 dé 85! A kò sì gbọ́dọ̀ rò pé wọ́n jọ àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ nínú irú wọn ni kò rí owó ẹ́síréè àti fọ́tò ẹ̀dọ̀ san, tàbí kí wọ́n ti kú kí dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò tán.

Kíkọ ìpele sílẹ̀ kò béèrè ẹ̀rọ ńlá. Ohun mẹ́rin ni dókítà máa kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: bí kókó ṣe tóbi tó ní sẹ̀ǹtímítà, kí ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, kó má kọ "ó tó ọsàn", bóyá ó ti mú awọ ara tàbí àyà, bóyá kókó wà ní abíyá, tó ń yẹ̀ tàbí tó ti lẹ̀, bóyá àmì wà pé ó ti dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí egungun. Kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, tí abíyá mọ́, ìpele kìíní ni. Bó bá ti mú awọ tó sì ti di egbò, kò lè kéré sí ìkẹta. Bó bá ti dé egungun, ìkẹrin ni, bó ti wù kí kókó náà kéré tó. Ìlànà Essential TNM (TNM dúró fún kókó, kókó omi ara àti ìtànkálẹ̀), tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé àkọsílẹ̀ tí fáìlì wọn kò péye, tún rọrùn jùyẹn: ìbéèrè bóyá àìsàn ti dé ibi tó jìnnà lára ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ìdáhùn bá sì ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ti parí.

Ẹ kíyè sí i pé ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ CT, tó ń ya fọ́tò inú ara, máa ń rí ìtànkálẹ̀ tí ọwọ́ àti ojú kò lè rí. Ní jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, ìlànà ọdún 2018 ti FIGO, àjọ àgbáyé àwọn dókítà ìlera obìnrin, gbà kí wọ́n fi kókó omi ara tí wọ́n rí lórí fọ́tò gbé aláìsàn lọ sí ìpele ìkẹta. Àdúgbò tó sún mọ́ ẹ̀rọ á wá dà bíi pé àìsàn wọn ti pẹ́ ju ti àdúgbò tí kò ní nǹkan kan. Nítorí ìlànà tuntun yẹn, iye ti ọdún 2016 àti ti 2020 kò sì ṣeé tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìṣe àlàyé.

Ìpele nìkan kì í sọ ibi tí ìdádúró ti wá. Ọjọ́ mẹ́rin ló yẹ kó wà lórí fáìlì: ọjọ́ tí obìnrin rí kókó, ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi han òṣìṣẹ́ ìlera, ọjọ́ tí èsì àyẹ̀wò jáde, ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Fún jẹjẹrẹ ọyàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí ìdánilójú àìsàn má ju ọjọ́ 60 lọ lẹ́yìn ìpàdé àkọ́kọ́, kí 60 nínú 100 aláìsàn ó kéré tán sì wà ní ìpele kìíní tàbí ìkejì. Bí àwọn obìnrin àdúgbò kan bá ń tètè lọ sí ilé ìlera, tó jẹ́ pé wọ́n ń sọ fún wọn níbẹ̀ pé omi ọyàn ló dì, tàbí kí èsì àyẹ̀wò máa gba oṣù mẹ́rin, kò sí iye ìwé ìpolówó tó máa tán ìṣòro náà. Owó ìpolówó yẹn ìbá dára jù bí wọ́n bá fi kọ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì fi san owó àyẹ̀wò ẹran ara.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé tábìlì ìjọba ìbílẹ̀ wá, ẹ béèrè bóyá ibùgbé ni wọ́n fi pín aláìsàn tàbí ilé ìwòsàn. Ẹ béèrè ọdún mélòó ni wọ́n pa pọ̀, àti àfiṣèwọ̀n ọjọ́ orí tí wọ́n lò. Ẹ ní kí wọ́n fi òpó (kọ́lọ́ọ̀mù) kan sí tábìlì náà fún àwọn tí ìpele wọn kò sí nínú fáìlì. Bí wọn kò bá ní iye yẹn lọ́wọ́, ẹ dá tábìlì náà padà fún wọn.

Àwa òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ,
Ìbàdàn