Ta ló ka àwọn mọ́tò tó máa tò síta?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan ládùúgbò wa ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí, àmọ́ ó dá mi lójú pé ẹni tó ń gbé Ìkẹjà, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo á rí tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ilé ńlá kan ni, ẹni tó kọ́ ọ ti dolóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, wọ́n sì ti tà á. Ká tó mọ̀, wọ́n ti wó o, wọ́n ti fi páànù yí ilẹ̀ náà ká. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu mẹ́gáàdì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ni pé ilé epo ló ń bọ̀, ibi ìfọkọ̀ á wà lẹ́yìn rẹ̀, ilé oúnjẹ kan á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí èèyàn á ti máa na ọwọ́ gba oúnjẹ láti ojú fèrèsé mọ́tò. Wọ́n ní ètò ti ń lọ láti yí ìlò ilẹ̀ gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì náà padà, kúrò ní ti ilé gbígbé sí ti òwò. Nígbà tí àwa onílé lọ béèrè ìwé àyẹ̀wò àyíká, ìyẹn ìwé tó ń sọ ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí àdúgbò, wọ́n ní ìwé wà, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò sí nítòsí.

N kò bá òwò jà o. Mo ní mọ́tò, mo ń ra epo, bí ebi bá sì pa mí lọ́nà, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì àti adìyẹ díndín. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ibi tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò kọ́ ni wàhálà ń gbé. Wọ́n á wọn ilẹ̀, wọ́n á wo ibi tí wọ́n fẹ́ rì táńkì sí, wọ́n á ka ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo, wọ́n á béèrè ohun èlò ìpaná. Inú ọgbà ni gbogbo rẹ̀. Òwò tí oníbàárà ń gbé mọ́tò wá bá, ìdajì rẹ̀ ìta ló ń wà, lórí títì tí gbogbo wa jọ ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ ti ń lò fún ilé epo láti ayé àjọ DPR tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ epo nígbà náà, kí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 tó gbé iṣẹ́ náà fún àjọ NMDPRA, ẹ̀rọ tó sún mọ́ títì jù gbọ́dọ̀ fi mítà 15 jìnnà sí i. Ilé epo kan gbọ́dọ̀ fi mítà 400 jìnnà sí èkejì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ láàárín kìlómítà 2, tọ̀tún tòsì. Ìlànà tó dáa ni. Àmọ́ mítà 15 kò ju àyè mọ́tò mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Ẹ̀kẹrin ń kọ́? Orí títì ni ìdí rẹ̀ á wà. Bí epo bá wá wọ́n, ẹ̀kẹrin kọ́ là ń sọ mọ́. Ìlà á gba iwájú ilé ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá, wọ́n á dí géètì, ọlọ́kadà á gba ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń fẹsẹ̀ rìn, máíkírà, mọ́tò kékeré tó ń kérò, tó fẹ́ yí padà á máa fi ẹ̀yìn wọ ojú títì. Àwọn ọmọkùnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́ á dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n á máa ju ọwọ́, wọ́n á dá ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ dúró kí oníbàárà wọn lè wọlé. Ta ló fún wọn láṣẹ ọ̀nà? Ti ilé oúnjẹ ojú fèrèsé tún yàtọ̀, torí pé ẹni tó tò síbẹ̀ kì í pa ẹ́ńjìnnì, ooru ò ní jẹ́ kó pa á. Èéfín mọ́tò tó dúró sójú kan, pẹ̀lú ti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n máa ń gbé ti ògiri aládùúgbò, yàrá ẹni tó wà lódìkejì ògiri ló ń wọ̀.

Àìsí òfin kọ́ ló fà á. Lẹ́yìn tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí ìlú Kòkó, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, ní 1988, ojú ìjọba là. Wọ́n dá FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀ lọ́dún náà, nígbà tó sì di 1992 wọ́n ṣe òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká. Òfin náà ní kí wọ́n yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó dáwọ́ lé e, kí wọ́n wo ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbé e gbà, kí wọ́n sì fún ará ìlú láyè láti sọ tẹnu wọn kí àṣẹ tó jáde. Ó tilẹ̀ ní kí àlàyé ṣókí kan wà nínú ìwé náà tí kò ní jẹ́ èdè àwọn onímọ̀, kó lè yé ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà. Ó wù mí kí ẹnìkan fi irú àlàyé bẹ́ẹ̀ hàn mí ní èdè Yorùbá, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni wọ́n fi máa ń pàtẹ ìwé bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n pàtẹ rẹ̀ ló lè lọ kà á.

Lọ́dún 1992 yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ètò ìlú, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà àbáyọ ti kọ́kọ́ ṣí fún wọn. Ẹni tí òfin yẹn ní kó mú ìwé àyẹ̀wò wá ni ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé gbígbé sórí ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 2 lọ, ẹni tó fẹ́ kọ́ fáktírì tàbí fẹ̀ ẹ́ sí i, ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì tó ju àjà mẹ́rin lọ, àti ẹni tó fẹ́ ṣe ibi ìgbafẹ́ ńlá. Ibi ìfọkọ̀ ò sí níbẹ̀. Ilé oúnjẹ ò sí níbẹ̀. Pọ́lọ́ọ̀tì kan tàbí méjì ni wọ́n ń lò, òfin yẹn kò bi wọ́n. Bí mẹ́wàá wọn bá wá jókòó sórí títì kan ńkọ́? Ìdí tí mo fi ń sọ pé títì náà lódindi ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò nìyẹn, kí wọ́n sì ṣe é kí wọ́n tó yí ìlò ilẹ̀ padà. Bí wọ́n bá ti yí i padà tán, gbogbo ẹni tó bá wá lẹ́yìn á ní òun ò ṣe kọjá ohun tí ètò gbà láyè, òótọ́ ni yóò sì máa sọ.

Ìyà tó wà nínú òfin àyẹ̀wò àyíká ń kọ́? Ilé iṣẹ́ tó bá rú u, owó ìtanràn tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ₦50,000, kò sì gbọ́dọ̀ ju ₦1,000,000 lọ. Ní iye tí wọ́n ń ta epo lónìí, mílíọ̀nù kan náírà kò lè ra lítà 1,500, bẹ́ẹ̀ táńkà kan ń já lítà 33,000 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ni irú ìyẹn máa dẹ́rù bà?

Ọ̀rọ̀ omi ló ká mi lára jù. Ọdún 1942 ni wọ́n ṣe adágún omi Ẹlẹ́yẹlé, ti Aṣéjírè wá lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ omi ẹ̀rọ kò dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé n'Ìbàdàn. Kànga là ń mu, tàbí kànga ẹlẹ́rọ fún ẹni tó lówó rẹ̀. Ìlú wa, orí àpáta ló wà. Inú erùpẹ̀ tó bo àpáta yẹn àti inú ibi tí àpáta ti sán ni omi tí à ń fà wà. Ohun tó bá jò láti ara táńkì abẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ ni yóò forí lé, kò sì mọ ààlà pọ́lọ́ọ̀tì. Bẹntiróòlù ní benzene nínú, ohun tí wọ́n ti mọ̀ dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kànga rẹ̀ bá ti gbà á, sísè ò lè mú un padà sí bó ṣe wà. Ibi ìfọkọ̀ kan wà ní òpópónà kejì sí tiwa, mo bẹ yín, ẹ lọ wo gọ́tà iwájú rẹ̀. Omi ibẹ̀ dúdú, ìfófòó ọṣẹ wà lórí rẹ̀, epo ẹ́ńjìnnì ń dán bí òṣùmàrè láàárín ọ̀rá píọ́ wọ́tà, odò sì ni gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ. Kò sí ihò kankan tí wọ́n gbẹ́ láti fi sẹ́ epo kúrò lára omi náà. Àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ lójà, létí irú odò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbin ín.

Ẹni tó bá sì jẹ́ ará Ìbàdàn kò ní fi gọ́tà ṣeré. Odò Ògùnpa ya lu ìlú lọ́dún 1980. Òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 pa èèyàn tó lé ní 100. Gbogbo ọgbà tí wọ́n bá ti da kọnkéré sí láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn, omi òjò tí ilẹ̀ ibẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀ ti di àgbàrá nìyẹn. Wọ́n ní kí á má sọ ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bani, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Accra lọ́jọ́ 3 oṣù kẹfà 2015 kì í ṣe àlọ́. Òjò ń rọ̀, omi ti kún títì, àwọn èèyàn sá lọ yà sí ilé epo kan nítòsí Kwame Nkrumah Circle. Epo léfòó sórí omi, iná ràn án. Èèyàn tó lé ní 150 ló kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní Nàìjíríà wa níbí, nílùú Èkó, ilé gáàsì tó wà láàárín ilé gbígbé ní Bàrúwà, n'Ìpájà, bú gbàmù ní oṣù kẹwàá 2020, ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ilé sì bà jẹ́.

Àwa ará Bódìjà gan-an, a mọ ohun tó ń tẹ̀yìn yíyí ìlò ilé padà láìsọ fún aládùúgbò yọ. Lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024, ìró kan dún tí ilé mì tìtì káàkiri Ìbàdàn. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ló sọ fáyé pé ohun abúgbàmù àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló wà nínú ilé kan. Ilé gbígbé ni o, láàárín ilé gbígbé. Mo mọ̀ pé ilé epo tó ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ìyẹn, ẹ má bínú sí mi. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ẹni tó fẹ̀yìn kan ògiri ibẹ̀ ni ẹni ìkẹyìn tó gbọ́.

Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló dá ẹ̀sítéètì wa sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Títì tí wọ́n là fún ẹni tó ń lọ sílé rẹ̀ ni, kò fẹ̀. Ẹ wo Awolowo Avenue lónìí, ẹ wo Osuntokun Avenue. Báńkì, ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni jókòó pinnu pé bí a ṣe fẹ́ kó rí nìyí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí àṣà rírà láti inú mọ́tò ti gbilẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú Minneapolis fòfin de kíkọ́ irú ojú fèrèsé bẹ́ẹ̀ tuntun ní 2019. Èéfín àti ewu fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wà lára ohun tí wọ́n rò.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ń bọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ó dáa. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé náà, iye ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà àti iye tí wọ́n fẹ́ máa san, ká lè gbé e sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ìyókù. Àwa onílé náà ò sì mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Owó tí oníṣòwò ń mú wá ju owó tí ìdílé kan lè fi háyà ilé lọ fíìfíì, ẹni tó ń pariwo nípàdé lónìí lè tà lọ́la. Ìyẹn gan-an ni kò fi yẹ kí wọ́n fi ìpinnu títì sọ́wọ́ ẹni tó ni pọ́lọ́ọ̀tì nìkan.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n dá yíyí ìlò ilẹ̀ náà dúró títí wọ́n á fi yẹ títì náà wò látòkè délẹ̀: iye mọ́tò tó ń gba ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ibi tí ìlà máa tò sí nígbà tí epo bá wọ́n, ibi tí gọ́tà ń dà sí, kànga tó wà nítòsí. Kí wọ́n wọn omi àwọn kànga yẹn nísinsìnyí, kí táńkì tó wọlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n wá ka ìwé náà fún wa ní Yorùbá, ní ìrọ̀lẹ́ tàbí lọ́jọ́ Sátidé tí oníṣẹ́ wà nílé, kì í ṣe aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè.

Ẹ̀yin Olóòtú, bí ẹ bá lè yọ̀ǹda akọ̀ròyìn kan fún wa, kó wá ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ tí ilé ìwé bá wà, kó mú bírò dání. Ẹgbẹ́ onílé á fún un ní àga, a ó sì jọ ka mọ́tò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onílé kan ní Bódìjà, Ìbàdàn.