Oníkẹ́míìsì ni dókítà wa

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Láfẹ́nwá, ti láfún àti ti iṣu, mo ti lé lógún ọdún níbẹ̀. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí láyé mi, ọmọ mi ọkùnrin ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́, tẹ́ ẹ bá rí ibi tó rí jákujàku kẹ́ ẹ bá wa tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ dókítà ni mo bá wá. Kì í ṣe ti dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ o, ti ẹni tó yẹ kéèyàn máa rí nítòsí ilé ni, ẹni tó mọ̀ ẹ́, tó mọ ìyá ẹ, tó mọ òògùn tó ń bá ẹ lára mu àtèyí tí kì í bá ẹ lára mu. Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń dà wọ́n láàmú. Lọ́dún tó kọjá, dókítà kan ní ilé ìwòsàn ńlá kan fún wọn ní òògùn tí wọ́n ń pè ní amlodipine, kò pẹ́ tẹ́sẹ̀ màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, bàtà wọn ò wọ̀ wọ́n mọ́, sálúbàtà ọkọ mi ni wọ́n ń wọ́ káàkiri ilé. A padà lọ, dókítà mìíràn la bá, ọmọ dáadáa ni, ó ní òògùn yẹn máa ń wú àwọn kan lẹ́sẹ̀, ó pààrọ̀ ẹ̀, ẹsẹ̀ sì rọlẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ a tún lọ, wọn ò rí fáìlì, wọ́n ní ká ra káàdì tuntun, dókítà kẹta ló jókòó, kò gbójú sókè tó fi kọ òògùn tán, ẹ wá wo nǹkan tó kọ, amlodipine náà ni! Mo ní dókítà ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ní kí màmá má lò ó mọ́, ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mo ní dókítà tó wà níbí ni, ó ní èwo nínú wọn. Kí ni kí n sọ? Mi ò mọ orúkọ ẹ̀.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la kúrò nílé lọ́jọ́ náà o. Aago kan ọ̀sán ti kọjá ká tó wọlé, àkókò tá a lò níwájú dókítà ò sì tó èyí tí mo fi ń wọn kóńgò èlùbọ́ mẹ́ta fún oníbàárà. Mi ò bá dókítà wí ṣá. Èrò tó wà níta ń lọ bí ọgọ́rùn-ún, ibà, ikọ́ àti inú rírun ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn wá, nǹkan tí nọ́ọ̀sì àdúgbò lè wò, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ dókítà náà ti jápa, ẹni tó kù ń ṣe iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta.

Ẹ ó ní kí ló dé tá ò lọ síbi ìtọ́jú alábọ́dé, èyí tá à ń pè ní hẹ́lìtì sẹ́ńtà. A lọ. Nọ́ọ̀sì tá a bá níbẹ̀ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó kí màmá bí ẹni kí ìyá ẹ̀, àmọ́ nǹkan tí wọ́n ń dì mọ́ apá láti fi wo ìfúnpá ti gbó, kò lẹ̀ mọ́, èmi ni mo fọwọ́ dì í mú tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ka 170. Ó tún un kà, ó di 150. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Ìyá, ẹ jẹ́ ká mú àárín ẹ̀." Dókítà ńkọ́? Wọ́n ní ó máa ń wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó máa ń wá. Tó bá sì di aago mẹ́rin wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ìgbà yẹn gan-an lọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná fún àwa.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń sá tọ oníkẹ́míìsì. Ọmọ tó ń ta òògùn ládùúgbò wa mọ màmá ju gbogbo dókítà Abẹ́òkúta lọ. Aago mẹ́wàá alẹ́ iná ẹ̀ ṣì ń tàn, ó ń tà láwìn, ó mọ̀ pé màmá kì í lè gbé hóró ńlá mì, á bá wọn là á sí méjì. Àmọ́ ọmọ yìí ò kàwé dókítà o. Tí ikọ́ bá ń ṣe ọmọdé, á da hóró mẹ́rin márùn-ún pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, funfun, pupa, yẹ́lò, tó o bá bi í lórúkọ wọn á ní "Ẹ ṣáà lò ó, ìyá." Mo ti bá a jà lórí ẹ̀ rí, lọ́jọ́ kejì mo tún padà lọ bá a, níbo ni kí n gbà?

Àbúrò mi kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ní bóun ṣe kó dé àdúgbò tuntun lòun ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ibẹ̀, GP ni wọ́n ń pè é, gbogbo àkọsílẹ̀ àìsàn ẹ̀ látẹ̀yìn wá ló wà lọ́wọ́ wọn, ẹni yẹn ló sì máa kọ̀wé kó tó lè rí dókítà ńlá. Àwọn náà ń ráhùn o, ó ní kéèyàn tó rí àyè wọlé gan-an, wàhálà ni. Àmọ́ ó mọ ẹni tó ń ráhùn sí.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlú wa nìyí. Wọ́n ní Lántòrò ńbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, lọ́dún 1895. Olikoye Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n Fẹlá, ọmọ Ẹ̀gbá bíi tiwa, gbogbo ìgbà tó fi jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 dé 1992, ohun tó ń pariwo ni pé kí ìtọ́jú wà lẹ́nu ọ̀nà mẹ̀kúnnù. Wọ́n tún ṣòfin lọ́dún 2014 pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó ìjọba àpapọ̀, ó kéré tán kí náírà kan máa lọ síbi ìtọ́jú alábọ́dé. Náírà yẹn dà, kó bá wa ra okùn ìfúnpá.

Mo gbọ́ pé FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbá, ní ẹ̀ka Family Medicine, àwọn dókítà ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ìdílé wà níbẹ̀. Ṣé ìjọba ìpínlẹ̀ wa ní Òkè-Mọ́sàn àtàwọn káńsù ò lè bá wọn jókòó ni? Kí dókítà kan máa wá sí hẹ́lìtì sẹ́ńtà kọ̀ọ̀kan ní Túsìdé àti Fúráìdé, ẹnì kan náà fún ọdún kan gbáko, kí wọ́n lẹ orúkọ ẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ká lè mọ ẹni tá à ń bọ̀ wá bá. Kí wọ́n sì fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ṣílẹ̀kùn di aago mẹ́jọ alẹ́ nítorí àwa ọlọ́jà.

Ti ìṣèdúró ìlera, tí wọ́n ń pè ní health insurance, náà wà níbẹ̀. Òfin 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, tó o bá sì ti wọ̀ ọ́, ilé ìwòsàn kan lo máa mú tí wàá máa lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ní láìnì tiwa mi ò tíì rí èèyàn méjì tó ní káàdì ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá bá wa sọ ọ́. Àwọn tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì mọ ṣọ́ọ̀bù wa dáadáa, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá.

Túsìdé tó ń bọ̀ la tún máa gbé màmá lọ. Mo ti fi báírò pupa kọ amlodipine sẹ́yìn káàdì wọn, mo kọ "ó ń wú wọn lẹ́sẹ̀" sábẹ̀ ẹ̀, kí dókítà yòówù tá a bá bá lọ́jọ́ náà lè rí i.

Èmi ni tiyín,
Ìyá elélùbọ́, Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta.