Lẹ́tà sí àbúrò mi tí bátìrì rẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Mítà ń kọ 11.4 mA (mílíáńpìà, ìwọ̀n iná tó ń ṣàn), bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù ESP32 rẹ, kọ̀ǹpútà kékeré tí o fi ń wọn bí omi ẹja Màmá ṣe tutù tó, ń sùn. O ní ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé nǹkan bíi 10 µA péré (0.01 mA) ni yóò máa mu tó bá ti sun oorun àsùnwọra. O ti tún kóòdù kọ lẹ́ẹ̀mẹta, o sì ń rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ. Ọmọ ìyá mi, fi kóòdù yẹn sílẹ̀. Má sì tíì lọ bá ẹni tó ta ọjà fún ọ jà.

ESP32 fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù, nìkan ni ìwé yẹn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Gbogbo bọ́ọ̀dù ni mítà rẹ ń wọ̀n. Gbé bọ́ọ̀dù náà súnmọ́ ojú, kí o wò ó dáadáa. Iná pupa kékeré tó wà lára rẹ̀ yẹn kì í sùn. Ó lè máa mu 1 mA sí 2 mA tọ̀sán tòru. Wá nǹkan dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ AMS1117 sí lára. Òun ló ń sọ fóòtì bátìrì di 3.3. Alásè tó ń jẹ kó tó bu fún àlejò ni: nǹkan bíi 5 mA ni òun nìkan ń jẹ, bí ESP32 sùn, bí kò sùn. CP2102 tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ náà ń mu tirẹ̀. Ro wọ́n pọ̀, wàá rí ibi tí 11.4 ti wá. ESP32 tí o ń bá wí láti ọjọ́ yìí, bóyá 0.01 mA ni tirẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀.

Bátìrì rẹ jẹ́ 2000 mAh, ìyẹn ni pé ó lè fúnni ní 1 mA fún wákàtí 2000. Fi 11.4 pín in: wákàtí 175, ọjọ́ méje ó lé díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń pè ọ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ pé ẹ̀rọ ti dákẹ́. Mo mọ bó ṣe ń dùn ọ́ tó. Èmi náà kò fẹ́ kí wọ́n tún máa jí ní aago márùn-ún lọ ki ọwọ́ bọ omi ẹja àrọ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti tutù jù.

Ọ̀rọ̀ mítà ni mo fẹ́ bá ọ sọ jù, torí ibẹ̀ ló ti mú èmi náà. O ní nígbà tí o yí i sí ojú 2000µ kí o lè rí nọ́ńbà kékeré, bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ń jí, ó sì ń kọ “Brownout detector was triggered” léraléra, ìyẹn ni pé iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tó. Bọ́ọ̀dù rẹ kò bàjẹ́. Mítà tí o fi sáàárín wáyà ti di ara iṣẹ́ náà. Nínú ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú bíi tiwa, résísítọ̀ 100 Ω, ohun tó ń dí iná lọ́wọ́, ló wà lẹ́yìn ojú 2000µ yẹn. Tí ESP32 bá jí, tó sì fẹ́ mu 100 mA, fóòtì 10 ni résísítọ̀ yẹn fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bátìrì méjèèjì tí o so tẹ̀léra, bí wọ́n tilẹ̀ kún, 8.4 ni. Kí ló wá kù fún bọ́ọ̀dù? Tí ó bá sì ń fi Wi-Fi ránṣẹ́, ó lè fẹ́ tó 240 mA.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: mo máa ń fi wáyà kékeré kan so ẹnu mítà méjèèjì pọ̀ kí iná lè gba ibẹ̀ kọjá. Mo jẹ́ kí bọ́ọ̀dù jí, kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó sùn. Lẹ́yìn náà ni mo máa yọ wáyà náà, kí n tó ka mítà. Jẹ́ kí ó máa sùn fún ìṣẹ́jú méjì nígbà ìdánwò, kó má baà jí mọ́ ọ lọ́wọ́. Máa tún wáyà yẹn dá padà kó tó jí.

Yọ okùn USB o. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mítà mi kọ 0.00, inú mi dùn, mo lọ sùn. Ọjọ́ kejì ni mo rí i pé fíùsì inú mítà ti jó láti ìgbà tí mo ti gba iná púpọ̀ kọjá nínú rẹ̀, àti pé okùn USB ló ń bọ́ bọ́ọ̀dù láti ẹ̀yìn. Bátìrì kò tilẹ̀ fún un ní nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń kọ́kọ́ wọn résísítọ̀ tí mo ti mọ iye rẹ̀: 3.3 fóòtì lórí 1 kΩ gbọ́dọ̀ fún mi ní 3.3 mA tàbí nǹkan tó súnmọ́ ọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mítà ni n óò kọ́kọ́ tú.

Wo ẹsẹ̀ ESP32 tí o so DS18B20, èyí tó ń wọn omi, mọ́ pẹ̀lú. Ó ní résísítọ̀ 4.7 kΩ tó fà á sókè. Bí ESP32 bá sùn, tó sì di ẹsẹ̀ yẹn mú sílẹ̀, 0.7 mA ń dà nù nìyẹn láìsí ẹni tó ń lò ó.

Ní báyìí, fi irin òjé gbígbóná yọ iná pupa yẹn. Yọ AMS1117 náà. Lo bátìrì kan ṣoṣo, kí o fi MCP1700 oní-3.3 rọ́pò AMS1117 yẹn, 1.6 µA péré ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n má fún un ju fóòtì 6 lọ. Kò lè gbé ju 250 mA lọ, nítorí náà fi kápásítọ̀ ńlá kan, tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ESP32, 470 µF yóò dára. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá ń mu 0.2 mA nígbà tó bá sùn, tó sì ń jí fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ní 100 mA, ìṣirò mi fún mi ní nǹkan bíi oṣù márùn-ún ààbọ̀. Ẹ̀rùn ń bọ̀, ọyẹ́ yóò sì mú omi Màmá tutù. Yóò ṣe wọ́n láǹfààní títí òjò yóò fi dé.

Mo ti fi MCP1700 mẹ́ta àti kápásítọ̀ sínú páálí kan. Awakọ̀ tó ń kó ẹrù wá sí Abẹ́òkúta yóò gbé e dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tí o bá ti so ó, ya fọ́tò mítà fún mi, kí ihò tí o ki wáyà dúdú àti pupa bọ̀ hàn nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ